Kárádọ̀ àti Àwọn Àlejò Tó Gbé Ọlọ Dání

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ohùn yín ò jáde. Fìjàbí, gbé ẹ̀pà yẹn mì kí o tó dáhùn. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi wa ọkọ̀ títí, ó gúnlẹ̀ gbòà síwájú ilé Kárádọ̀. Ní ìgbà kan rí, ní erékùṣù kan tí òtútù ibẹ̀ ń mú ẹja gan-an nínú omi, Kárádọ̀ jẹ́ baálé kan létí òkun. Baba rẹ̀ fi ilé òkúta sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àgùntàn, àti pẹ́pẹ́yẹ kan tí kì í pa ẹnu mọ́."

"Bíi Mosúnmọ́lá!"

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o.

"Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ erékùṣù náà kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Bí wọ́n ṣe lọ báyìí, àwọn ará òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá jí àgùntàn Kárádọ̀ kó. Ni ó bá ránṣẹ́ sí òdìkejì òkun, sí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ọ́sírìkì, pé kó wá gba òun.

"Ọ́sírìkì dé. Ọ̀kọ̀ àti asà ló kún inú ọkọ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ará òkè ti sá dé ilé ìyá wọn. Kárádọ̀ pa àgùntàn fún àwọn àlejò, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Ó wá ń retí kí wọ́n dìde.

"Wọn ò dìde.

"Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ mìíràn dé. Pẹ́pẹ́yẹ sáré wọlé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é o!

*Kárádọ̀, jáde wá wò ó,*
*Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé.*
*Ìyàwó ló kún inú ọkọ̀,*
*Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé.*
*Ẹlẹ́dẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn,*
*Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé.*

"Kárádọ̀ ní, 'Ṣé kí àwọn ọkùnrin náà máa dá sùn ni?' Ó gé ìdajì oko rẹ̀ fún wọn.

"Ọkọ̀ kẹta dé. Pẹ́pẹ́yẹ tún sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. 'Baálé, ìyá Ọ́sírìkì ló dé yìí! Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé ọlọ rẹ̀! Ẹni tó wá jagun, kí ló fẹ́ fi ọlọ ṣe?'

"'Yóò fi lọ àlìkámà ni.'

"'Baálé, ilé baba yín ń lọ o! Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa lọ.'

"'Háà! Kí wọ́n lè ní n kò gbẹ̀kọ́ ilé? Èèwọ̀! A kì í bi àlejò ní ọjọ́ tí yóò lọ.'

"'Ẹ̀yin lẹ mọ̀,' ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, ó bá tirẹ̀ lọ sódò.

"Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ìdí iná ló yẹ òun. Kárádọ̀ gbé àpótí baba rẹ̀ fún un pé kó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bá wọn gbé ọlọ wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún kàù!"

"Yéè!"

"Nítorí ẹ̀yìn yìí, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú kejì kó lè bá a fi epo wọ́ ọ. Oṣù kan gbáko ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ náà ké sínú ilé pé, 'Ìyá àgbà, àlejò dé o!'

"Kárádọ̀ wọlé. Ìyá àgbà wà lórí àpótí, ó ń lọ àlìkámà rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. 'Ẹ káàbọ̀, àlejò. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn.' Ẹnu ọ̀nà ló nawọ́ sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

"'Ilé baba mi lèyí!' Kárádọ̀ fi ọwọ́ lu ògiri.

"'Pẹ̀lẹ́, ọ̀nà jíjìn ló ń dà yín láàmú.' Àánú rẹ̀ ṣe ìyá náà lóòótọ́, ó bu búrẹ́dì gbígbóná fún un. Ó wá wo ẹrù rẹ̀ títí. 'Àlejò, ẹ má bínú o. Ọjọ́ wo lẹ máa lọ?'"

"Hẹ̀ẹ́n! Ó bi í!"

"Ó bi í. Níbi tí wọ́n ti wá, kì í ṣe èèwọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba àlejò, ẹ fún un lómi, ẹ fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí ọlọ lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín, ẹ tètè bèèrè ọ̀rọ̀.

"Ibi tí ọkọ̀ àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí pẹ́pẹ́yẹ má dún lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kúáà! Kúáà! Kúáà!"

"Ẹ gbọ́ bí? Ó yá, ẹ lọ sùn. Ẹ̀yin ará ilé kejì, ilé yín ń pè yín."