Osùn Orí Akọ Alángbá

Nígbà láéláé, orí akọ alángbá kò pọ́n rárá. Bíi ti ìyàwó rẹ̀ ló rí, bí erùpẹ̀ ilẹ̀. Kì í sì í mi orí. Jẹ́ẹ́ ló máa ń dúró, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọlúàbí.

Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, ó rẹwà! Ọjọ́ kẹta ni ọyẹ́ dé. Ara ọmọ gbẹ, ó sán, ó ń bó. Bí ìyá rẹ̀ gbé e, igbe. Bí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, igbe. Kò jẹ, kò sùn.

"Bàbá ọmọ, sáré lọ sílé wa," ni Àyọ̀ká wí. "Béèrè osùn ìdílé wa lọ́wọ́ àwọn ìyá mi, èyí tí wọ́n fi ń kun ìkókó. Bí ara yìí bá bó jù báyìí lọ, a ò ní lọ́mọ mọ́."

Ìyá mẹ́ta ló wà nílé àna rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ògiri kan ni wọ́n sì ń gbé. Ìyá Òkè wà lórí ògiri, Ìyá Àárín wà lágbede méjì, Ìyá Ìsàlẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ògiri. Alángbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," ni Ìyá Òkè wí. "Lọ osùn kó kúnná, kí o fi àdí pò ó. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Alángbá mi orí, ó dìde.

"Àdí kẹ̀?" Ìyá Àárín bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ din ọmọ ni? Òrí ni ìyá wa fi ń pò ó."

Alángbá tún dọ̀bálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé," ni Ìyá Ìsàlẹ̀ wí. "Èmi àbíkẹ́yìn ni ìyá wa pọ̀n nígbà tó ń lọ osùn. Omi lásán ni!"

"Lóòótọ́ ló pọ̀n ọ́," ni Ìyá Òkè dáhùn, "àmọ́ oorun lò ń sùn!"

Àna kì í já àgbà ní koro. Ẹni tó bá ti lanu nínú wọn, Alángbá á dọ̀bálẹ̀ fún un, á mi orí, á dìde. Ojú ń pọ́n ọn, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ, kò sì mọ ti ẹni tí yóò gbà. Oníkálukú po osùn tirẹ̀ sínú ewé, wọ́n dì í fún un.

"Èwo ni ká fi kun ọmọ?" ni Àyọ̀ká bi í nígbà tó gbé ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délé.

"N kò mọ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o, èmi ni mo wí pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà! A kì í fi ohun tí a kò dán wò kan ara ìkókó."

Alángbá tẹ orí ba. "Orí mi nìyí. Dán an wò."

Àyọ̀ká kun ti àdí, kò rí nǹkan kan. Ó kun ti òrí lé e, kò rí nǹkan kan. Ó kun ti olómi lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yóò fi ta, orí Alángbá ti ń dán, ó rọ̀ múlọ́múlọ́.

"Ó ṣiṣẹ́!" ni Alángbá wí. "Àmọ́ èwo ló ṣiṣẹ́?"

Wọ́n wo ewé, ewé ti ṣófo. Wọ́n wo ọmọ, igbe rẹ̀ ti ń wọlẹ̀ lọ. Àyọ̀ká gbé ọmọ, ó fi àyà ọmọ nu orí bàbá rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ nù ún, títí dé ìrù. Igbe dákẹ́. Ọmọ sùn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wẹ ọmọ, osùn ṣí, awọ tuntun ló hàn. Wọ́n wẹ orí bàbá títí, kò ṣí. Alángbá sáré padà lọ béèrè èyí tó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Tèmi ni!" Àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pa ẹnu pọ̀ dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni orí akọ alángbá ti ń pọ́n, tí ti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kò pọ́n. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í rí ògiri kó má dọ̀bálẹ̀, kó dìde, kó tún mi orí sí òkè, sí àárín, sí ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá ìyàwó rẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà.