Òkúta Ìbídùn Lórí Òkè Ìrì-kì-í-gbẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ nà gbalaja. Ẹni tó ń jẹun kó máa jẹ ẹ́ lọ, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kó gbé e sórí ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ òkè. Ọjà mi tòní kò lábùkù. Ìkùukùu tó ń kọ́lé wà níbẹ̀, odò tó ń pe èèyàn lórúkọ wà níbẹ̀, òkúta tó ń wúwo bí ìfẹ́ wà níbẹ̀. Mi ò ní pe iye lé e lórí. Ẹ ṣáà ya etí sọ́dọ̀ mi, tó bá parí, kí kálukú mú èyí tó bá a lára mu.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ṣówándé lorúkọ rẹ̀, aṣọ òkìrìkà ló ń tà. Àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pè é ní Ṣówándé, Ẹ-Bá-Mi-Yọ-Díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí nǹkan tí wọ́n pe iye lé lórí lójú rẹ̀ rí tí kò ní kí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Ṣówándé anájà-bí-ẹni-ń-jà, ẹlẹ́nu mímú bí abẹ onígbàjámọ̀, ẹni tó ná olóko títí olóko fi bi í pé èló lòun kọ́kọ́ pè. A máa ná ọjà tí kò fẹ́ rà. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìdána rẹ̀, nígbà tí àwọn àna ka ẹrù ìdána sílẹ̀, ó tẹ́tí sí wọn tán, ó wúkọ́, ó ní kí wọ́n bá òun yọ iṣu kan níbẹ̀. Àna fẹ́ bínú, àna tún rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ iṣu náà. Kì í ṣe ahun o, ẹnu ló ń yún un. Ẹnu tó bá sì ń yúnni, tí a ò bá wá nǹkan gidi fi há a, ilé ara ẹni ló máa kọ́kọ́ jẹ.

Ìyàwó rẹ̀, Moróhùnfolú, aránṣọ ni, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Láti ìgbà tí oyún ti wà nínú rẹ̀ ló ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn lọ gba atẹ́gùn níbì kan, kí àwọn sinmi bí èèyàn. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun pàápàá, òun máa ń bu òróró sí i kó tó máa sáré. Ṣówándé á ní ó dáa, tí ọjà bá ti wá sílẹ̀. Ọjà kì í wá sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Ìbídùn, ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, abèèrè-má-dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò, tí ilé dà bí ọkọ̀ ojú omi, tí igi dà bí ẹni tó ń ronú, Ìbídùn fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ibo ni ìkùukùu máa ń sùn?” Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jà, ìbéèrè ọmọdé ló pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ilé ìwé gba ọlidé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí ìkùukùu ń sùn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ, kọ̀ndọ́ ka orí mẹ́ta. Ṣówándé ní rárá o, orí méjì ni, ọmọ orí ẹsẹ̀ kì í sanwó ọkọ̀. Kọ̀ndọ́ ní ọmọ tó ga tó yìí? Ṣówándé ní bàtà ló gbé e ga. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, kọ̀ndọ́ gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, ẹ̀yin èèyàn mi, a máa tó padà wá mú un.

Òkè Ìrì-kì-í-gbẹ kì í ṣe òkè tí èèyàn ń rí látòkèèrè. Tó o bá ń wá a, igbó lásán ni wàá rí. Tó o bá jáwọ́, tó o mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ló máa dìde níwájú rẹ jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń gbé ọmọ tó ti sùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dìde fún wọn níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí. Lẹ́nu bodè òkè náà, Ìyá Onírì jókòó, ó ga bí ọ̀pẹ, irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí èéfín àárọ̀, ewédò ti hù sí ìpéǹpéjú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ bí omi orí àpáta. Ṣówándé dọ̀bálẹ̀, Moróhùnfolú kúnlẹ̀, Ìbídùn náà kúnlẹ̀, ó sì gbàgbé láti dìde torí ewédò yẹn ló ń wò. Ìyá Onírì kí wọn káàbọ̀, ó sì ṣàlàyé òfin òkè fún wọn. Ó ní orí kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀, kí kálukú gbé tirẹ̀ gòkè, kó gbé e lélẹ̀ lórí òkè, tó bá ń padà sílé kó gbé e wá fún òun. Òkúta yìí ni òkè fi ń dá ẹni tó wá ṣàlejò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Ó gbé èyí tó tó àgbọn fún Ṣówándé, ó gbé èyí tó tó ọsàn fún ìyàwó rẹ̀, ó wá mú ọ̀kan tó kéré, tó ń dán, tí ìlà funfun kan lọ láàárín rẹ̀, ó nà án sí Ìbídùn. Ọmọ ti na ọwọ́, bàbá fà á padà.

“Ìyá àgbà, ẹ bá mi yọ díẹ̀. Méjì tó. Ọmọ orí ẹsẹ̀ kì í sanwó ọkọ̀.”

“Èyí kò wúwo, ọmọ mi. Ekùrọ́ wúwo jù ú lọ.”

“Mo mọ̀, ìyá. Ẹ ṣáà yọ ọ́.”

Ìyá Onírì di òkúta náà mọ́ ọwọ́. “Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ gun òkè mi?”

“Méjì géérégé. Èyí kò tíì tó èèyàn tí à ń kà.”

“Ó dáa,” ni Ìyá Onírì wí, ó sì fi òkúta kékeré náà pamọ́ sínú irun rẹ̀. “Mo ti yọ ọ́.”

Moróhùnfolú fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ lápá, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Bàbá Ìbídùn, òkúta ekùrọ́ lẹ̀ ń ná.” Ṣówándé rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò bá lè yọ kékeré kò lè yọ ńlá. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ wá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú iye ará ilé, èyí tún burú ju kíkà lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe gun òkè. Wọ́n la Igbó Oorun kọjá, níbi tí àwọn igi ti ń yán bí àgbàlagbà tó jẹ iyán ọ̀sán, tí ewé kan á máa bọ́ wẹ́rẹ́ nígbàkúùgbà tí igi kan bá yán. Wọ́n fo Odò Apeni, odò tó mọ orúkọ gbogbo èèyàn, tó ń pè wọ́n bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí; Ìbídùn dá a lóhùn látẹ̀yìn bàbá rẹ̀ pé òun ń bọ̀, òun ń lọ ṣọlidé ná. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, tí wọ́n gbé òkúta lélẹ̀, ìlú ìkùukùu là sílẹ̀ níwájú wọn. Ṣé ẹ ti sùn rí tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ń sùn? Bẹ́ẹ̀ nibẹ̀ rí. Ògiri ilé tí wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí, tó o bá fọwọ́ tì í, á fà sẹ́yìn, á tún padà wá tì ọ́, bí ẹni tó ń ṣeré. Oyin àti kókò sísun ni wọ́n ń jẹ. Ìbídùn sì rí ohun tó wá rí: lójú ọ̀sán, gbogbo ìkùukùu tó ti jáde lọ sí ìlú àwọn èèyàn á padà wálé, á ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ká ara wọn bí ìró, wọ́n á sùn sínú àfonífojì, àwọn ìyá ìkùukùu á máa fọwọ́ gbá ọmọ wọn lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ṣówándé gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ ọrùn kó lè rí wọn dáadáa. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ pé tí ọmọ òun bá ń ronú, á máa kùn bí oyin. Moróhùnfolú sun oorun ọ̀sán gangan, kò sẹ́ni tó bi í pé aṣọ òun dà. Iye ọjọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, ẹnì kankan ò kà á, torí ìsinmi tí à ń ka ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ti wọnú rẹ̀.

Àmọ́ ọlidé kì í pẹ́ kó má tán. Wọ́n gbé òkúta wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ní bodè, Ṣówándé kọjá, Moróhùnfolú kọjá, ó di ọwọ́ Ìbídùn mú. Bí ó ti ní kó fa ọmọ sọ́dọ̀, ìrì tútù ló bá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wẹ̀yìn: ìkùukùu kékeré kan ń padà gun òkè lọ, ó wọ bàtà Ìbídùn. Ìyá Onírì gba òkúta méjèèjì, ó ní méjì gòkè, méjì sọ̀kalẹ̀, ọjà àwọn pé. Moróhùnfolú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbójú sókè.

“Bàbá Ìbídùn, ẹ lọ mú ọmọ mi wá.”

Ṣówándé dojúbolẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lọ́jà ló sọ tán, kò ta létí òkè. Ìyá Onírì dá a lóhùn pé ẹni tí a ò kà mọ́ àlejò, onílé ni. Ó ní tí oòrùn bá rékọjá sẹ́yìn òkè, ọmọ náà á gbàgbé orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, á sì di ìkùukùu porogodo. Tó bá fẹ́ gbà á padà, kó lọ sórí òkè lọ gbọ́ iye rẹ̀. “Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Ẹ-Bá-Mi-Yọ-Díẹ̀. Ohunkóhun tó o bá yọ nínú iye yẹn, òun la máa yọ nínú ọmọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú tó fi mọ̀ ọ́.”

Ṣówándé gun òkè náà lẹ́ẹ̀kejì, òkè tó jẹ́ ìrọ̀rí tẹ́lẹ̀ ti di ẹkùn. Nínú Igbó Oorun, àwọn igi ń yán lé e lórí, ojú rẹ̀ ń kú lọ, àmọ́ ó ń bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè tí Ìbídùn ti bi í rí tí kò dáhùn, kí ló dé tí òjìji kì í wọ bàtà, ta ló kọ́ àkùkọ lórin, ìtìjú ìbéèrè sì lé oorun lójú rẹ̀. Nígbà tó fo odò, ọjà ìkùukùu kan nà kalẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn iwin tí orí wọn rí bí ìkòkò, tí ẹsẹ̀ wọn kọjú sẹ́yìn, ló ń tajà níbẹ̀. Ó wo àtẹ wọn. Gbogbo nǹkan tó ti yọ láyé rẹ̀ ni wọ́n kó sílẹ̀ bí òkìtì: ẹ̀kúnwọ́ ata tó yọ lọ́wọ́ opó, owó iṣẹ́ tó yọ lọ́wọ́ alágbàṣe, àwọn ìrọ̀lẹ́ tó yọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ torí ọjà. Iwin kan na ìka sí iṣu kan tó ti hù, ó ní, “Ọkọ ìyàwó, ẹrù ìdána yín rè é. Ẹ ò ní gbé e?” Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Òmíràn ń pe ìdì òkìrìkà ńlá ní pọ́ọ́kú, pọ́ọ́kú tí kò tíì sírú rẹ̀ rí, ó ní kó ṣáà dúró ná an. Ẹnu Ṣówándé yún un dé gìgísẹ̀. Ó fi eyín di ètè mú, ó ń lọ.

Lórí òkè, Ìyá Onírì ló tún bá, bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó yọ òkúta kékeré yẹn nínú irun rẹ̀, ó ní iye náà rè é, kó gbé e dé bodè láìgbé e kalẹ̀. Ṣówándé gbà á. Ekùrọ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ bó ṣe gbẹ́sẹ̀, òkúta náà wúwo bí ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ó tún gbẹ́sẹ̀, ó wúwo bí ara ọmọ tó gbóná mọ́jú tí òbí kò sùn. Ó wúwo bí gbogbo ìbéèrè yẹn, ó wúwo bí ọmọge tí Ìbídùn máa dà, bí ilé tó máa kọ́, bí ọwọ́ tó máa fi sin bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ léèékánná. Ìkùukùu ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn Ìyá Onírì sì ń jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Ṣówándé ti ń wá lẹ́nu gbogbo ọlọ́jà láyé rẹ̀.

“Ṣé kí n bá ọ yọ díẹ̀?”

Ó bi í nínú ọjà, ó bi í létí odò, ó bi í lábẹ́ àwọn igi tó ń yán. Ṣówándé ń gbẹ́sẹ̀ lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé bodè, tí oòrùn ti jókòó sórí ẹ̀yìn òkè, tí orúnkún rẹ̀ kan ti kanlẹ̀, ó tún bi í. Moróhùnfolú wà lódìkejì bodè, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Ẹnu náà là.

“Ẹ má yọ nǹkan kan, ìyá. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́.”

Ó dìde, ó kọjá bodè. Òkúta gbóná lápá rẹ̀, òkúta mí, òkúta sì ń kùn bí oyin. Ìbídùn ló gbé dání, ó ń sùn. Ìyá Onírì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún yọ òkúta kékeré onílà funfun kan nínú irun rẹ̀, ó fi í sí ọmọ lọ́wọ́, ó ní oníbàárà tó bá san iye tó pé, ó yẹ kó gba ènì. Ìbídùn lajú, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti wá fún mi ní tèmi.” Ó wá wo bàbá rẹ̀, ó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ìbéèrè yìí, Ṣówándé dáhùn rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, kọ̀ndọ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ti mọ oníbàárà rẹ̀, ó ní orí méjì, bàbá, kí wàhálà má sí. Ṣówándé ní, “Mẹ́ta ni wá.” Kọ̀ndọ́ ní ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ yín kẹ̀. Ṣówándé ní ó wà lórí ẹsẹ̀ òun, mẹ́ta náà làwọn. Ó san án. Títí wọ́n fi délé, orí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni Ìbídùn sùn sí, àyè rẹ̀ ṣófo láàárín bàbá àti ìyá, òkúta ekùrọ́ kan ló jókòó síbẹ̀ bí ọba.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má nájà. Ẹ ná a, ẹnu lọlọ́jà fi ń jẹun. Àmọ́ nǹkan tó bá tọ́ sí ọmọ yín, àsìkò ni o, èsì ọ̀rọ̀ ni o, àyè láàárín yín ni o, ẹ má yọ nínú rẹ̀ nítorí pé ọmọ kéré. Ẹni tí a ò kà mọ́ra nígbà tí à ń lọ, ẹ má retí pé a máa rí i mú bọ̀. Mo ti pàtẹ, mo ti palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gba ọmọ sórí ẹsẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kó wo ojú rẹ̀ báyìí: ènì tèmi fún un nìyẹn.