Etí Àlàdé àti Ọ̀nà Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ etí tó ń ṣọyún ló bí i?

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àlàdé, ní ìlú kan lórí òkè gíga. Ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n ti ń ná ọjà. Ó fẹ́ Àyọ̀ká láti ìlú tó ti bá tiwọn jagun rí, ìfura ò sì jẹ́ kó gbádùn ìyàwó. Àyọ̀ká ò ní gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kó má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá tọ́ ọ wò tán, Àlàdé á tún máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò yí padà, títí ọbẹ̀ á fi tutù. Kì í ṣe ìkà èèyàn o, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nígbà tó yá, etí bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì ń ṣọyún. Àyọ̀ká fún ewúro, ó ní òun fẹ́ kán omi rẹ̀ sí i. Àlàdé rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: etí kì í kúkú jẹun. Ló bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na etí sí i, Àyọ̀ká sì kán an sí i.

Kò pẹ́ ni ọ̀fun rẹ̀ korò. Ó fò dìde.

"Ẹ gbà mí o! Etí ló kán an sí, ọ̀fun mi ló ti ń korò! Obìnrin yìí ti fún mi ní májèlé!"

Ilé dàrú. Àwọn ará ilé ti gbé ẹrù Àyọ̀ká síta kí baálé agbo ilé wọn tó jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n ní kó máa lọ sílé baba rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí baálé.

"Baba, ẹ bá mi bi ọkọ mi. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà, tí etí wa dí, kí là ń ṣe?"

"A ń gbé itọ́ mì ni," Àlàdé dáhùn. Ó ń fura sí ìbéèrè náà pàápàá.

"Ọ̀fun ló gbé itọ́ mì, etí ló là," Àyọ̀ká sọ fún un. "Ọyún sì ti dá ihò sínú etí yín. Ẹ fọwọ́ dí imú yín, ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn."

Àlàdé fẹ́ ẹ. Ni omi ewúro bá ń hó jáde létí rẹ̀ bí ọṣẹ. Ẹ̀rín pa baálé.

"Áà! Àṣé etí, imú àti ẹnu, inú ọ̀fun ni gbogbo wọn ti ń pàdé!"

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Baba," Àyọ̀ká fèsì. "Ọ̀nà ẹnu nìkan ni ọkọ mi ń ṣọ́ látọjọ́ yìí. Ká ní mo fẹ́ pa wọ́n ni, ṣebí àwọn fúnra wọn ló na etí sí mi."

Ojú ti Àlàdé gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù ìyàwó rẹ̀ padà wọlé. Nígbà tí Àyọ̀ká tún gbé oúnjẹ wá, tó fẹ́ tọ́ ọ wò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Látìgbà náà, bí ẹnì kan bá rò pé ibì kan ṣoṣo ni nǹkan lè gbà, tàbí tí ọ̀nà kan dí mọ́ ọn tó sì fẹ́ jókòó máa sunkún, àwọn àgbà á ní kó rántí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.