Ìdí Tí Ọ̀bẹ Dígí Fi Ń Mu Kẹrosíìnì Kó Tó Ṣiṣẹ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ìtàn òní kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní ẹ̀rín púpọ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ta ẹnìkejì rẹ̀ lábẹ́ àga, mo ti rí i o.

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn irinṣẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀, Ọ̀bẹ Dígí kì í mu nǹkan kan kó tó ṣiṣẹ́. Gbígbẹ báyìí ni ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ. Kì í ṣe ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran o. Kò ju bírò ìkọ̀wé lọ. Irin róbótó kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí ó bá fi ẹnu yẹn fa ìlà sára dígí, ibẹ̀ náà ni dígí yóò ti là.

Ọ̀dọ̀ Baba Ládẹ̀jọbí ló ń gbé, bàbá tó ń gé dígí sí fèrèsé àti sí ojú fótò. Lọ́jọ́ tí Bàbá fẹ́ rà á, ọ̀bẹ mẹ́wàá ló wà lórí àtẹ. Bàbá ń fi ìka yí ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó há, ó dá a padà. Èyí tó ń mì, ó dá a padà. Èyí tó yí geere ló mú.

Yíyàn yẹn ló kó sí Ọ̀bẹ lórí. "Èmi ni wọ́n ṣà nínú mẹ́wàá," ni yóò máa wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá.

Bí ó bá gun ẹ̀yìn Dígí, kì í gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Yóò lọ, yóò bọ̀, yóò tún lọ, lójú ìlà kan náà. Dígí ń fara dà á, nítorí Dígí kì í tètè bínú láyé ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, Dígí ní, "Ọ̀bẹ, n ò ní kí o má là mí. Iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dá ọgbẹ́ sí mi lára, kí ló dé tí o tún ń padà wá ha ojú ọgbẹ́?"

Ọ̀bẹ pòṣé. "Ṣé ìwọ náà ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tí wọ́n ń wò kọjá bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀!"

Dígí ní, "Ó dára. Ọjọ́ tí o bá tún gba ojú ọgbẹ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, n ó fọ́. N ò sì ní fọ́ síbi tí o fẹ́."

Ọ̀bẹ rò pé àwàdà ni.

Kò pẹ́ ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró gbé fótò kan wá sọ́dọ̀ Bàbá. Ó fi gèlè wé e, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun. Dígí ojú rẹ̀ ti fọ́. Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ ló wà nínú fótò náà, ọmọ ọdún méje, ó dúró lórí àpótí, bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti kú láti ọdún mẹ́ta. Kò ya fótò míì rí.

"Bàbá, òrùlé mi ń jò," ni ìyá náà wí. "Omi ti kan igun rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òjò fọ ojú ọmọ mi dànù."

Dígí kan ṣoṣo ló kù nílé Bàbá. Òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ kankan ò lè gbé òmíràn wá títí di ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró. Yóò tó," ni Bàbá wí.

Ó tẹ́ dígí náà sórí tábìlì, ó fi igi tó tọ́ lé e láti fi fa ìlà, ó gbé Ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ fa ìlà kan, ìlà náà sì dára. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wò, Ọ̀bẹ sì fẹ́ kó rí i bí òun ti mú tó. Kí Bàbá tó gbọ́wọ́ kúrò, Ọ̀bẹ ti fò padà sójú ìlà.

Gbàràmù! Dígí fọ́ káàkiri ilẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di fótò náà mú. "Mo ti sin ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Ṣé kí n tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀bẹ lára. Ojú tì í, ojú tí kò tì í rí. Ó wo ilẹ̀, ó rí àfọ́kù kan tó tóbi díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Dígí, mo jẹ̀bi," ló wí. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n tún èyí tó kù ṣe."

"N ò gbọ́," ni Dígí dáhùn. "Ẹnu rẹ gbẹ jù."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ló máa ń fi ṣíwájú. Ọ̀bẹ bá lọ bá Ìyá Kẹrosíìnì nínú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ Dígí."

"Àṣé o mọ ilẹ̀ í dọ̀bálẹ̀ sí!" ni Ìyá Kẹrosíìnì wí. "N ó bá ọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa ṣíwájú rẹ, lónìí àti lójoojúmọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ní etí kan, má dúró títí o fi dé etí kejì. Bí o bá sì ti kọjá, o ti kọjá nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀dọ̀ mi ni kí o ti wá sinmi, kí ẹnu rẹ má baà dógùn-ún."

Bàbá ri ẹnu Ọ̀bẹ bọ kẹrosíìnì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, láti etí dé etí. "Ṣììì" ni ohùn tó jáde, ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá fi ìdí Ọ̀bẹ kan abẹ́ ìlà náà, kọ́, kọ́. Dígí gbà, ó là síbi ìlà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n àfọ́kù ni àfọ́kù. Kò bo gbogbo fótò náà. Orí Àwẹ̀ró ló ti bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló parí sí.

"Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú rẹ̀ tó mi."

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, omi ti pa bàtà funfun inú fótò yẹn rẹ́ pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀bẹ Dígí ti ń mu kẹrosíìnì kó tó fẹnu kan dígí, tí kì í gba ojú ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn tó ń gé dígí sì ń ri ẹnu rẹ̀ bọ agolo kẹrosíìnì bí iṣẹ́ bá parí. Dígí náà kò gbàgbé. Ẹni tó bá padà sójú ọgbẹ́ rẹ̀, àfọ́kù ni yóò kó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí ẹ bá gbọ́ "ṣììì" yẹn, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń bẹ Dígí. Ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ títí dòní, nítorí bàtà Àwẹ̀ró.