Kànga Olóyè Ṣówándé

Ní Ìdófun, bí ẹnìkan bá ń fẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó mu omi yó, wọn kì í bá a jà. Wọn á kàn ní, "Ẹni tó fẹ́ fọ́nnu, kó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga." Àlejò á wá máa wojú wọn: kí ló kan kànga nínú ìfọ́nnu? Ẹ bi Olóyè Ṣówándé, bí ẹ bá bá a nídìí ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja.

Ṣówándé ló máa ń ní ìdílé òun ni Elédùmarè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdófun, pé kí wọ́n tó dé, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan, kódà kòkòrò. Ẹnu yìí náà ló fi ní kí Ẹfúnyẹmí, opó tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kó ẹrù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga síbẹ̀, àti pé àtìpó ni ìyá ìyá rẹ̀.

"Olóyè, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń sun ìkòkò níbí. Ibo ni kí n gbà?"

"Ibi tí ìyá ìyá rẹ ti wá." Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n níṣojú àdúgbò. "Bí wọ́n bá hú ohun kan níbí tó ṣáájú ìdílé mi, máa jókòó títí ayé."

Kò sẹ́ni tó ní kó búra o.

Dòsùnmú agbẹ́kànga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àṣà wọn ni láti to ohun tí wọ́n bá gbẹ́ ní òkìtì-òkìtì, bó ṣe ń jáde, kí onílé lè rí bí kànga ṣe jìn tó. Òkìtì kìíní, àfọ́kù ìkòkò. "Ti baba mi," Ṣówándé ní. Ìkejì, ilẹ̀ pupa lásán. "Ti baba mi náà." Ìkẹta, òkúta funfun tí ìkarahun òkun kún inú rẹ̀, pẹ̀lú eyín ẹja kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ìrìn ọjọ́ méjì sì ni òkun sí Ìdófun.

"Ìkarahun ìgbín tí baba mi jẹ nìyẹn."

Dòsùnmú gbé eyín náà sókè. "Eléyìí ńkọ́, Olóyè? Ṣé baba yín ló jẹ ẹ́, àbí òun ló jẹ baba yín?"

Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Amọ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé wá, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn amọ̀, ìkarahun mìíràn, tí kò jọ ti òkè rárá.

"Kànga mọ́kànlá ni mo ti gbẹ́ lágbègbè yìí," ó ní, "bákan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ jayé. Nǹkan kan ṣe wọ́n, kò sí ọ̀kan tó ré amọ̀ dúdú yìí kọjá. Àwọn ti òkè gba ipò wọn, àwọn náà tún parun. Ta ló tún rí ẹja eléyín báyìí rí?"

Ṣówándé gba eyín náà wò. Lójijì ni ojú rẹ̀ là. "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹja yẹn gan-an ni baba ńlá wa."

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀. "Ẹ kú oríire, Olóyè. Bí ẹja bá bí yín, omi nilé yín. A jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni àtìpó orí ilẹ̀."

Dòsùnmú ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ènìyàn kì í sì í jẹ baba ńlá ẹ̀."

Ìbúra Olóyè dè é: Ẹfúnyẹmí kò kó ẹrù mọ́, omi kànga yẹn ló sì fi ń po amọ̀ láti ọjọ́ náà. Ní ti Olóyè, òórùn ẹja tí ìyàwó rẹ̀ ń sè ló fi ń jẹ iyán. Àwọn tó léyín jù ú lọ ti ni ilẹ̀ yẹn rí, eyín nìkan ló kù. Ẹni tó fẹ́ fọ́nnu, kó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga.