Ìjàpá Tó Ni Bọ́ọ̀lù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra, ó yí gbirigbiri, kò dúró níbòmíràn, ẹsẹ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló dúró sí.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo odò gbẹ, ó ku ìsun kan ṣoṣo láàárín ẹranko igbó àti ẹranko ọ̀dàn. Wọ́n fẹ́ jà. Àwọn àgbà ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi láràárọ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹrẹ̀ ni àwọn yòókù yóò mu.

Àwọn ará igbó ní kí Àgbọ̀nrín máa kọ́ àwọn. Ìyá ọlọ́mọ ni, òùngbẹ sì ti dá àbíkẹ́yìn rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó fi Ọ̀bọ ṣọ́lé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Ó fi Ẹfọ̀n sẹ́yìn, ó fi Ehoro síwájú. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi gbáradì, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn dáadáa.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá, ará igbó bíi tiwọn, ló ni bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn ládùúgbò: kò mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ṣe tirẹ̀, á gbé bọ́ọ̀lù sábíyá, ó di ilé. Ìjàpá rò ó pé, "Tí wọ́n bá borí, Àgbọ̀nrín ni wọn yóò yìn. Èmi ńkọ́?" Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó lọ láti ilé dé ilé. "Ọ̀bọ, Àgbọ̀nrín ní kí o bọ́ síwájú. Ehoro, ó ní kí o lọ sẹ́yìn. Ìgbín ọ̀rẹ́ mi ni yóò ṣọ́lé." Irọ́ gbuu!

Nígbà tí Àgbọ̀nrín dé pápá, ó figbe ta. "Yéè! Ta ló tú ẹgbẹ́ mi ká?" Ìjàpá dá orin. Ẹ gbè é:

Ta ló ni bọ́ọ̀lù o?
*Gbá a!*
Èmi Ìjàpá ni.
*Gbá a!*
Ohun mo bá wí labẹ gé.
*Gbá a!*

Kó má baà gbé bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n gbà fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí Ìgbín tó yọjú, ọ̀kan ti wọlé. Kó tó wẹ̀yìn, èkejì ti wọlé. Ẹ̀kẹta gba orí ìkarahun rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ọ̀dàn ń jó.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Àgbọ̀nrín dojú kọ Ìjàpá. "Bọ́ọ̀lù lo ní. O ò ní ẹsẹ̀ Ehoro, o ò sì ní òùngbẹ ọmọ mi. Ọ̀bọ, padà sílé. Ehoro, bọ́ síwájú. Ìgbín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbé bọ́ọ̀lù mi!" Ìjàpá gbé e sábíyá, ó lọ.

Ẹfọ̀n fẹ́ lé e. Àgbọ̀nrín ní, "Fi í sílẹ̀." Ó já òroǹbó kan tí kò tíì pọ́n, ó gbé e sáàárín pápá. "Èyí náà ń yí. Ẹ̀yin ará ọ̀dàn, ṣé ẹ gbà?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn gbà. Ṣebí mẹ́ta ni wọ́n fi ń borí.

Há! Ọ̀bọ ò jẹ́ kí ohunkóhun wọlé mọ́. Ehoro gbá ọ̀kan wọlé. Ó gbá èkejì. Ó gbá ẹ̀kẹta! Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, òroǹbó là, omi rẹ̀ ń ro. Àgbọ̀nrín ń pariwo pé, "A ò ní mu ẹrẹ̀! A ò ní mu ún!" Ehoro tún sáré, ó ta ìyókù òroǹbó náà. Ó wọlé!

Ìjàpá gbọ́ ariwo lọ́nà. Ó sáré padà, bọ́ọ̀lù lábíyá, ó na ọrùn gbọọrọ sáàárín èrò kí wọ́n lè yìn ín. Ó dá orin. Ẹ má gbè é o!

Ta ló ni bọ́ọ̀lù o?

Ìwọ Bámgbálà tó jókòó sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ! Pa ẹnu dé.

Èmi Ìjàpá ni.

Ohun mo bá wí labẹ gé.

Kò sẹ́ni tó gbè é. Àgbọ̀nrín ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ti ń lọ síbi ìsun, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ti Ìjàpá. Ó fa ọrùn wọlé, ó fa orí tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á fa orí wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ dà.

Ibi tí òroǹbó là sí ni àlọ́ mi parí sí. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ má gbè mí.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!