Àwọ̀ Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìlà náà sì gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Òjò òru àná ti ṣí páànù lórí yàrá ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá náà pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ìyá ní òun kò ní wọ mọ́tò ẹlòmíràn kúrò nílé ọkọ òun. "Mọ́tò bàbá yín ló gbé mi wá ní ìyàwó. Òun náà ni yóò gbé mi jáde."

Mọ́tò ìjàpá ni. Ẹ̀yìn ilé ló wà láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni ọkùnrin náà ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Ara rẹ̀ ti funfun bí ògì, bó ṣe wà láyé bàbá. Ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nìkan ló kù.

Ó tẹjú mọ́ ohun tó ṣẹ́kù lára ìlà àtijọ́. Àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ewé ni. Kò bi ìyá. Ó po ọ̀dà, ó fi wé e, ó tún un pò, títí wọ́n fi bára mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń di ẹrù ìyá wọn, yọjú.

"Àwọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé? Ṣebí èmi ni."

"Ìwọ ni. Àmọ́ kí o tó dàgbà tó ẹni tó ń gbé kànrìnkàn, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Èérún ni ìwọ bá."

Ọkùnrin náà padà sídìí ọ̀dà rẹ̀. Ó fa ìlà náà, ó gún régé. Ó lọ pe ìyá. Ìyá yí mọ́tò náà ká, ó fọwọ́ pa iná iwájú rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó.

"Ó jọ ọ́. Àmọ́ ó dà bí òkú tí wọ́n wọṣọ tuntun fún. Eléyìí kọ́ ló gbé mi wá."

Ọkùnrin náà jókòó sórí agolo ọ̀dà. Ara ìlà náà gan-an ló ti wo àwọ̀. Níbo ló ti ṣì í?

Ìyá wò ó títí. "Ọdún tí mo wọlé ni bàbá yín fa ìlà yẹn. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù ńkọ́, kí ni wọ́n fi í ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wọn kì í da ọ̀dà nù. Bó bá ṣẹ́kù, àga ni, ẹsẹ̀ tábìlì ni, ilé adìẹ pàápàá ń jẹ níbẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí fèrèsé yàrá rẹ̀.

Ọkùnrin náà wọlé. Ó gbé aṣọ tó ti wà lójú fèrèsé láti ìgbà èwe rẹ̀ kúrò. Àwọ̀ ẹ̀yìn pákó fèrèsé náà, tí oòrùn kò dé rí, tutù yọ̀yọ̀ bí ewé kókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Létí pákó, ojú àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ ṣì hàn, níbi tó ti dì í mú kí ọ̀dà tó gbẹ. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. 

Ó yọ fèrèsé náà gbé síta, ó po ọ̀dà mìíràn tì í. Ó kùn ún sára àfọ́kù páànù, ó sì dúró kó gbẹ, nítorí ọ̀dà tútù ń purọ́. Nígbà tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ó fa ìlà náà.

Ìyá jáde.  Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò náà, ó jókòó.

"Ẹ gbé àpótí mi wá."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o ní ọkọ rẹ kì í ṣe ẹni tí o fẹ́ mọ́, o ní bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látilẹ̀. Ojú rẹ kò purọ́. Ohun tí ojú ọkùnrin yìí náà rí ló kùn. Ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́ lo ń wò. Kí o tó fa ìlà, bi ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, kí o sì gbé aṣọ kúrò lójú fèrèsé.

Ìyá náà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí. Fèrèsé náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ojú tí oòrùn ti pa ló kọ sí ògiri.